Áńtíbọ́dì fún CAF-1 ní láàbù Èkìtì: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń pa á mọ́, bí a ṣe ń lò ó

Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, DNA tuntun náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ní ìhòòhò. Nǹkan bíi lẹ́tà 147 nínú rẹ̀ ló ń wé mọ́ hístónì mẹ́jọ: H2A, H2B, H3 àti H4, méjì méjì. Purotéènì tó ń gbé H3 àti H4 lé DNA tuntun lórí ni CAF-1, tí Smith àti Stillman yọ láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní 1989. Purotéènì ASF1 ló ń gbé hístónì wá bá a. PCNA, òrùka tó yí DNA ká níbi tí ẹ̀dà ti ń lọ lọ́wọ́, ló ń dá a dúró síbi iṣẹ́. Purotéènì mìíràn, HIRA, náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú H3.3, irú H3 kan, ṣùgbọ́n òun kì í dúró de ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe ẹ̀dà.

Áńtíbọ́dì, purotéènì tó ń dì mọ́ ohun kan pàtó, ni a fi ń rí àwọn purotéènì wọ̀nyí. Ọ̀nà tí a ń sọ níbí ni Western blot: a ń fi iná to purotéènì nínú jẹ́ẹ̀lì bí ìwọ̀n wọn ṣe rí, a ń gbé wọn lọ sórí mẹ́ńbíréénì (ìgbélọ nìyẹn), a wá ń fi áńtíbọ́dì wá èyí tí a fẹ́. Túùbù kékeré kan tí ó gba 100 µl ni wọ́n sábà máa ń tà fún wa, owó rẹ̀ sì wọ́n débi pé a kò lè fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò lórí ìdánrawò. Ìlà dúdú tó bá jáde lórí mẹ́ńbíréénì lè jẹ́ CAF-1, ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Nítorí náà, kí ẹ tó tú túùbù yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò mú kí ẹ gbà pé ìlà náà ni ẹ ń wá, àti ohun tí yóò mú kí ẹ kọ̀ ọ́.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ká rà?

Purotéènì mẹ́ta ló so kọ́ra tí a ń pè ní CAF-1: p150 (gẹ̀nì rẹ̀ ni CHAF1A), p60 (CHAF1B) àti p48 (RBBP4). Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti áńtíbọ́dì kan lọ, p60 ni kó rà. Ibi tí a retí rẹ̀ sí ló máa ń dúró, nítòsí 60 kDa (kDa la fi ń wọn bí purotéènì ṣe tóbi tó), kò sì tóbi débi tí yóò ṣòro láti gbé kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá rí ìlà kejì tó gùn ún lórí díẹ̀, ẹ má yára pè é ní àṣìṣe. Wọ́n máa ń fi fọ́sífétì sí p60 lára, èyí tó bá sì ní in máa ń rìn lọ́ra.

p150 ló di PCNA mú, nítorí náà òun ni ẹni tó ń wádìí ibi tí ẹ̀dà DNA ti ń lọ yóò fẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń ya ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lẹ́nu. Amino acid 956 ló ní, bí ẹ bá sì ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi 107 kDa ni yóò fún yín. Lórí jẹ́ẹ̀lì, nítòsí 150 ló máa ń dúró, torí apá rẹ̀ kan kún fún lysine, glutamate àti arginine, irú purotéènì bẹ́ẹ̀ kì í sì í rìn bí ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ju iṣẹ́ tó dára nù nítorí pé 107 ni wọ́n ń wò.

Ní ti p48, ẹ má ṣe fi òun nìkan jẹ́rìí CAF-1. Ó tún wà nínú àkójọpọ̀ purotéènì mìíràn, NuRD, Sin3 àti PRC2, ó sì ní ìbejì kan, RBBP7, tí ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo irú ẹranko tí iṣẹ́ yín dá lé. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ láàbù wa, láti Adó dé Ọ̀yẹ́, orí eku Wistar (rat) ló wà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n fi purotéènì ènìyàn ṣe púpọ̀ nínú áńtíbọ́dì tó wà lọ́jà. Ẹ wá ìtò amino acid tí wọ́n fi ṣe é nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ fi wé ti eku lórí BLAST, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìtò wé ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù sì tó o ṣe. Nọ́ńbà ti ènìyàn lórí UniProt, àkójọ ìtò purotéènì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni Q13111 fún p150, Q13112 fún p60, Q09028 fún p48. Bí olùtajà bá kọ̀ láti sọ ibi tí áńtíbọ́dì rẹ̀ ń dì mú, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ yan èyí tí wọ́n ṣe láti ara ehoro. Bí ẹ bá lo ti èkúté (mouse) lórí ẹran ara eku, áńtíbọ́dì kejì (èyí tó ń dì mọ́ áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ kí a lè rí i) tó ń wá ti èkúté lè mú áńtíbọ́dì tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ eku náà pẹ̀lú, ìlà ńlá méjì yóò sì yọ ní 50 àti 25 kDa. Èyí 50 yẹn yóò bo p48 mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí owó bá sì wà, ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ń pè ní recombinant, tí wọ́n fi gẹ̀nì ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé lọ́ọ̀tì rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra bíi ti èyí tí wọ́n ń gbà lára ẹ̀jẹ̀ ehoro.

Láti ojú ọ̀nà dé inú fíríìsà

Ẹrù tó bá gba Ìbàdàn, Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kó tó dé Adó kì í bá yìnyín rẹ̀ wọlé nígbà gbogbo. Bí olùtajà bá ní èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ, èyí ni kí ẹ gbà, torí ó lè fara da ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà láìní yìnyín. Nígbà tí ó bá dé, ẹ fi ẹ̀rọ (centrifuge) yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ìyẹ̀fun náà lè wálẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n omi mímọ́ tí ìwé rẹ̀ sọ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí túùbù náà pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n. Ìfóòfó máa ń ba purotéènì jẹ́.

Lọ́jọ́ kan náà tó bá dé ni kí ẹ pín in sí túùbù kékeré, 10 µl, 10 µl. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyíkéyìí kéré sí 5 µl, èyí tó bá kéré jù máa ń gbẹ mọ́ ara túùbù. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì àti ọjọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní glycerol 50% kì í dì ní −20 °C, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sí i. Èyí tí kò ní, ìwé rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ohun tó ń pa á ni kó dì, kó yọ́, kó tún dì. Fíríìsà tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ kò dára fún un, torí ó máa ń gbóná díẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ti iná mànàmáná wá ńkọ́? Ẹ po iyọ̀ 100 g mọ́ omi lítà kan, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò ọlọ́rá, ẹ má kún un dé ẹnu, kí ẹ to mẹ́rin tàbí márùn-ún irú rẹ̀ yí àpótí áńtíbọ́dì ká nínú fíríìsà onídùùbúlẹ̀. Omi lásán máa ń yọ́ ní 0 °C, omi iyọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi −6 °C, nítorí náà bí iná bá lọ, yóò di òtútù mú ní ìsàlẹ̀ 0 fún wákàtí púpọ̀. Ẹ tún gbé ife omi kan sínú rẹ̀, kí ó dì gbagidi, kí ẹ wá fi ẹyọ owó irin kan lé e lórí. Bí ẹ bá dé láàárọ̀ Mọ́ńdè tí ẹ rí owó náà nísàlẹ̀ ife, ohun gbogbo ti yọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ì báà jẹ́ pé iná ti dé padà. Áńtíbọ́dì onígílísérọ́ọ̀lù tí èyí ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀.

Ẹran ara wo la ó lò?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń dàrú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi áńtíbọ́dì. p150 àti p60 máa ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti dákẹ́, wọ́n máa ń dín kù gan-an. Ẹ̀dọ̀ eku àgbà, tí gbogbo wa máa ń yára gé nítorí pé ó tóbi tó sì rọrùn, kì í pín tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀dọ̀ dán áńtíbọ́dì p60 wò tí ẹ kò rí nǹkan kan, ó lè jẹ́ òótọ́ ni áńtíbọ́dì ń sọ.

Ẹ lo thymus eku tó ṣì kéré, ìyẹn ẹran funfun méjì tó wà lókè ọkàn, lẹ́yìn egungun àyà. Spleen náà dára, kórópọ̀n sì dára. Kí ẹ wá fi ẹ̀dọ̀ eku àgbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kì í ṣe kí ó lè fi ìlà hàn, bí kò ṣe kí ó má fi hàn tàbí kó fi hàn díẹ̀. Bí ìlà 60 bá dúdú bákan náà nínú thymus àti nínú ẹ̀dọ̀, ẹ fura sí i. Àwọn tó ní sẹ́ẹ̀lì inú àwo, HeLa tàbí HEK293 (sẹ́ẹ̀lì ènìyàn) ni kí wọ́n fi ṣe èyí tó ní CAF-1.

Ẹ kó ẹran ara 100 mg sínú 500 µl bọ́fà RIPA tútù (omi tó ń tú sẹ́ẹ̀lì ká), lórí yìnyín, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. PMSF 1 mM, tó ń dá ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì dúró, ni kí ẹ fi sí i ní kété tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kì í ṣe láàárọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sán, torí nínú omi tó gbóná, agbára rẹ̀ kì í pé wákàtí kan kó tó dín kù sí ìdajì. p150 máa ń tètè gé. Bí ẹ bá rí ìlà púpọ̀ ní 100 àti 75 kDa dípò ọ̀kan ní 150, ẹni tó fi ẹran ara sílẹ̀ lórí tábìlì ni kí ẹ wá, ẹ má tíì bá áńtíbọ́dì wí.

Nígbà tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, omi náà yóò máa fà bí ilá. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì gbé e, yóò tẹ̀lé ẹnu pípẹ́ẹ̀tì sókè bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń tẹ̀lé òkèlè. DNA ló ń fà bẹ́ẹ̀, CAF-1 tí ẹ ń wá sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá yí i nínú ẹ̀rọ báyìí, DNA àti gbogbo ohun tó dì mọ́ ọn yóò wálẹ̀ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ó sì dà wọ́n nù. Ẹ gbọ́dọ̀ gé DNA náà kó má fà mọ́. Ẹ̀rọ onígbohùn (sonicator) ló dára jù: ìṣẹ́jú-àáyá 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí yìnyín, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín wọn. Bí kò bá sí, ẹ fi síríńjì àti abẹ́rẹ́ onínọ́ńbà 21 fà á wọlé-jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ sí 25. Benzonase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n magnesium ló fi ń jẹun. Bí RIPA yín bá ní EDTA, EDTA yóò gbé magnesium náà mì, Benzonase yóò sì dúró lásán. Irú RIPA tí kò ní EDTA ni kí ẹ fi MgCl₂ 2 mM sí.

Ìgbà tí omi náà bá ń kán tótó bí omi lásán ni ẹ tó lè yí i ní 14,000 g, 4 °C, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wọn purotéènì omi òkè pẹ̀lú BCA. Ẹ má lo ọ̀nà ìwọ̀n kejì, Bradford, ohun tó ń hó nínú RIPA máa ń tàn án jẹ. Ẹ wá po ó mọ́ bọ́fà Laemmli tó ní DTT, kí ẹ sè é ní 95 °C fún ìṣẹ́jú 5.

Jẹ́ẹ̀lì àti ìgbélọ

Jẹ́ẹ̀lì 8% fún p150, 10% fún p60 àti p48. Ẹ da 30 µg sí ihò kọ̀ọ̀kan. Fóltì 100 sí 120 tó, kò sídìí ìkánjú.

Ẹ rẹ mẹ́ńbíréénì PVDF sínú mẹtanọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi kò ní wọ̀ ọ́. Bọ́fà ìgbélọ tó ní mẹtanọ́ọ̀lù 20% dára fún p60. Fún p150, ẹ dín in kù sí 10%, torí mẹtanọ́ọ̀lù máa ń sún jẹ́ẹ̀lì kì, purotéènì ńlá kò sì ní rọ́nà jáde. Fóltì 100 fún ìṣẹ́jú 90, pẹ̀lú yìnyín nínú àpótí rẹ̀.

Bí iná bá lọ láàárín ìgbélọ, purotéènì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì, ìlà yóò sì fẹ̀ tàbí kó ṣú. Kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tí ẹnìkan ní láti sáré lọ tàn. Ẹ ṣírò rẹ̀: fóltì 100 lọ́nà 0.35 ampere jẹ́ wáàtì 35. Kò tó iná fáànù kan. Ínfátà kékeré lè gbé e fún ìṣẹ́jú 90 láìsí wàhálà, nítorí náà orí ínfátà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fi Ponceau S, àwọ̀ pupa tó ń fi gbogbo purotéènì hàn, wo mẹ́ńbíréénì kí ẹ tó lọ síwájú, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán yẹn yóò wúlò ju bí ẹ ti rò lọ. GAPDH, tí gbogbo ènìyàn fi ń wọn bóyá ihò gbogbo dọ́gba, kì í dọ́gba nínú thymus àti ẹ̀dọ̀. Lamin B1, purotéènì kókó sẹ́ẹ̀lì tí àwọn kan ń fi rọ́pò rẹ̀, sì máa ń dúró ní nǹkan bíi 66 sí 70 kDa, ó sún mọ́ p60 jù. Ó dára fún p150. Fún p60, Ponceau ni kí ẹ fi jẹ́rìí.

Mílíìkì, áńtíbọ́dì, òru kan

Mílíìkì tí a ń pò mọ́ TBST (bọ́fà oníyọ̀ tó ní Tween) láti dí ojú mẹ́ńbíréénì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Mílíìkì sáṣẹ́ẹ̀tì tí a ń fi mu tíì ní ọ̀rá nínú, yóò sì mú kí gbogbo rẹ̀ dúdú káàkiri. Ìwọ̀n 5%, ìyẹn 5 g nínú 100 ml TBST tó ní Tween-20 0.1%, fún wákàtí kan. Ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú lórí tábìlì. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ yóò sọ pé «bí yàrá ṣe rí», 20 sí 25 °C ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀sán Èkìtì ní oṣù Kẹta lè ju 30 lọ, mílíìkì yóò kan.

Ìlànà inú ìwé áńtíbọ́dì ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, àbùlà 1:1000: 5 µl nínú 5 ml TBST tó ní mílíìkì, ní 4 °C, mọ́jú, kí ó máa mì pẹ̀lẹ́. Bí ẹ kò bá ní ìdánilójú pé fíríìjì yóò ní iná lóru, kúlà tó kún fún yìnyín dára ju fíríìjì tí kò níná lọ. Wákàtí méjì ní 1:500 nínú yàrá tó tutù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n áńtíbọ́dì ìlọ́po méjì ni ẹ ó ná. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Áńtíbọ́dì kejì tó ní HRP (ẹ́ńsáìmù tó ń mú kí ECL tan ìmọ́lẹ̀), 1:5000, wákàtí kan: 2 µl nínú 10 ml, torí 1 µl ṣòro láti wọ̀n dáadáa. Ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. ECL fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ya àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 5.

Àbùlà áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí ẹ bá fi sodium azide 0.02% sí i. Májèlé ni azide, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kò sì gbọdọ̀ kan áńtíbọ́dì kejì rárá, torí ó ń pa HRP. Mẹ́ńbíréénì tó mọ́ funfun bí aṣọ àlà, tí kò ní ìlà kankan, azide ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè.

Bí ìlà bá jáde ní funfun láàárín dúdú, HRP pọ̀ jù níbẹ̀, ó ti jẹ ECL tán kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹ bu áńtíbọ́dì kejì là sí 1:20,000. Bí ìlà bá pọ̀ káàkiri, ẹ fi áńtíbọ́dì kejì nìkan ṣe ọ̀kan: gbogbo ìlà tó bá jáde níbẹ̀ kò kan CAF-1.

Ẹ̀rí tó lágbára

Àwọn kan máa ń ra pẹ́pútáìdì tí wọ́n fi ṣe áńtíbọ́dì náà, wọn á pò ó mọ́ áńtíbọ́dì, tí ìlà bá sì parẹ́, wọ́n á ní ó ti dájú. Kò tíì dájú. Pẹ́pútáìdì ń dí ọwọ́ áńtíbọ́dì, nítorí náà ìlà purotéènì àjèjì tó jọ CAF-1 yóò parẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀rí tó ju èyí lọ ni kí ẹ fi siRNA (RNA kékeré tó ń pa gẹ̀nì lẹ́nu mọ́) dín CHAF1B kù nínú sẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 48 sí 72, kí ẹ rí i pé ìlà náà dín kù nígbà tí Ponceau fi hàn pé ihò gbogbo dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní CAF-1 kì í lè parí ẹ̀dà DNA rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ kó wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Láàbù tí kò ní sẹ́ẹ̀lì inú àwo lè lo áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ mìíràn tó dì mọ́ ibòmíràn lára p60: bí àwọn méjèèjì bá fi ìlà kan náà hàn nínú thymus, tí wọ́n sì jọ dákẹ́ nínú ẹ̀dọ̀, ọkàn yín lè balẹ̀.

Fún àwọn tó ní máíkíróskóòpù oníná àrà (fluorescence), ohun kan ni kí ẹ mọ̀. Kí ẹ tó fi formaldehyde 4% mú sẹ́ẹ̀lì le, ẹ fi bọ́fà tútù tó ní Triton 0.5% fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 5 lórí yìnyín. Èyí tó ń léfòó yóò jáde, èyí tó dì mọ́ DNA yóò kù. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀dà, ẹ ó rí CAF-1 ní tótòtó, lórí ibi kan náà tí PCNA wà. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, gbogbo kókó sẹ́ẹ̀lì ni yóò tàn yòò, ẹ kò sì ní mọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó dákẹ́. PCNA fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ mẹtanọ́ọ̀lù −20 °C kí áńtíbọ́dì rẹ̀ tó rí i, nítorí náà ẹ dán an wò lórí gíláàsì kan kí ẹ tó ṣe mẹ́wàá.

Nígbà tí túùbù bá kù díẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ má lò èyí tó kù tán. Ẹ fi 10 µl pamọ́. Nígbà tí lọ́ọ̀tì tuntun bá dé, ẹ gé mẹ́ńbíréénì kan sí méjì, thymus àti ẹ̀dọ̀ lórí apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ti àtijọ́ sí ọ̀kan, ti tuntun sí èkejì, kí ẹ ya àwòrán wọn pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́ọ̀tì méjèèjì.